Ṣòkòtò Tí Mo Dín fún Ara Mi

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń yà sí ojúde mi ní Iloffa, tí ẹ ń bi mí pé, "Bàbá, ṣé iṣẹ́ télọ̀ ṣì ṣe é kọ́ láyé ìsinsìnyí?" ẹ fa àpótí súnmọ́ bí. Ìbéèrè yín kúrú, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ gùn ju agbádá olówó lọ. Èmi Ráfíù télọ̀, ọmọ bíbí Ọ̀sì tó fi Iloffa ṣe ilé, mo ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi fún ọmọ. Ọpẹ́ ló kún ẹnu mi. Ẹ ó gbọ́ ìdí ọpẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó bá ti àárín wọ ọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ ń ṣì lọ́nà.

Bàbá mi, àgbẹ̀ oníṣu, ló mú mi lọ bá Ọ̀gá Bùráímọ̀ ní Ọ̀sì nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́fà. Ohun tí àwọn méjèèjì jọ sọ lórí owó àti ọdún, ẹ jẹ́ ká fò ó; ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ohun tí mo rántí ni pé ọ̀gá fi mí jókòó sórí àpótí kan, ó ní kí n má dìde títí òun yóò fi dé. Ó lọ kírun Àsárì, ó yà kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó tún dúró ra obì. Ìgbà tó padà, mo ṣì wà lórí àpótí, ẹsẹ̀ mi ti kú tipiri. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó ní, "Ó dáa. Uṣẹ́ yìí, ìdí la fi ń ṣe é kí a tó fi ọwọ́ ṣe é."

Uṣẹ́ ni wọ́n ń pe iṣẹ́ ní ẹkùn tiwa, ọ̀gá kò sì fi ahọ́n ìlú mìíràn sọ̀rọ̀ rí títí ó fi lọ.

Ó le, ọ̀gá mi. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ fún ìgbà pípẹ́. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ni mo kọ́kọ́ mọ̀: màá fẹ́ iná sí i títí ojú mi á fi pọ́n, màá sì fi omi tọ́ ọ wò kó má baà jó aṣọ oníaṣọ. Lẹ́yìn ìyẹn, bọ́tìnnì àti ṣíṣẹ́ etí aṣọ. Ìgbà tó wá gbà kí n gun ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀, ìwé àpò sìmẹ́ǹtì ló fún mi, kò fi òwú sí abẹ́rẹ́. Ilà ni màá máa fi abẹ́rẹ́ òfìfo tọ̀ lórí ìwé. Ọ̀gá á kọ ẹ̀yìn sí mi, á máa gé aṣọ tirẹ̀, etí ló fi ń ṣọ́ mi.

"Ráfíù, ẹsẹ̀ rẹ ń sáré ju ojú rẹ lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà."

"Ṣé mo ní kó o bẹ̀ mí? Ìwé yẹn ni kó o bẹ̀. Mú òmíràn."

Mo sunkún lórí ìwé sìmẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá fa ilà lórí aṣọ, ó ń lọ tààrà bí ọ̀nà mọ́tò. Ìdí iṣẹ́ ẹni la ti í mọ ni lọ́lẹ. Ọ̀gá kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ mí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà tí a kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò pè ní ẹ̀kọ́. Abẹ́ tábìlì gbogbo télọ̀ tí mo mọ̀ ní àgbègbè wa, láti Ọ̀sì dé Eruku, ìgò àgbo jẹ̀dí máa ń wà níbẹ̀. Ìyá alágbo á wá ní gbogbo ọjọ́ ọjà, á da tuntun sínú ìgò, á bi wá léèrè ìdí wa bí ẹni ń bèèrè ọmọ. Ìgbàgbọ́ wa ni pé ìjókòó ló ń fa jẹ̀dí-jẹ̀dí, pé ẹni tó bá sì fi ṣúgà kún un, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ pe ogun. Nítorí náà, bí ọmọ iṣẹ́ kan bá ti ilé ìyàgbẹ́ dé tó ní òun rí ẹ̀jẹ̀, a ó bú sẹ́rìn-ín, a ó pàtẹ́wọ́ fún un. "O ti di télọ̀ wàyí!" Ọ̀gá fúnra rẹ̀ á bu àgbo fún un. Ó máa ń sọ pé télọ̀ tí kò bá tíì rí ẹ̀jẹ̀, kò tíì jókòó tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú.

Mo ti gba fìrídọ̀mù, mo ṣì wà lọ́dọ̀ ọ̀gá gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, nígbà tí àjálù dé. Kò dé bí ìjì. Ó wọlé wẹ́rẹ́ bí àlejò tó mọ ilé. Ọ̀gá ti ń rí ẹ̀jẹ̀ tipẹ́, kò fi pa mọ́. Ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Lẹ́yìn náà, ó di pé bó bá lọ sẹ́yìnkùlé, á pẹ́, á padà, kò ní tíì jókòó tán tí yóò tún fi dìde. "Kò tán," ni yóò wí. "Ó ń ṣe mí bíi pé ó kù." Ọ̀sẹ̀ kan, ìgbẹ́ á gan, kò ní jáde. Ọ̀sẹ̀ kejì, á di ìgbẹ́ gbuuru. A dá ẹ̀bi fún ẹ̀wà, a dá ẹ̀bi fún iyán alẹ́. Ìyá alágbo mú kí àgbo le sí i.

Ọjọ́ kan, ó bọ́ ṣòkòtò rẹ̀ kan jù sí mi. "Dín in, ó ti tú."

Mo dín in. Nígbà tó yá, ó tún jù ú sí mi. Mo tún dín in. Àwọn oníbàárà ń bá a ṣeré pé, "Ọ̀gá, ṣé ìyàwó kékeré lẹ fẹ́ fẹ́ tí ẹ fi ń ṣe bí ọ̀dọ́mọkùnrin?" Òun náà ń rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ wá ń wú, kò lè jẹun, kò lè yàgbẹ́ mọ́. Ìgbà tí wọ́n fi máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, àwọn dókítà kàn mi orí ni. Wọ́n gbé e padà wá sílé. A sin ín ní Ọ̀sì, gbogbo ìlú sì ní jẹ̀dí-jẹ̀dí ló wọ̀ ọ́ lára. Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Sàlámátù, ló ń fọ aṣọ rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, èmi àti Sàlámátù fẹ́ ara wa, a sì kó wá sí Iloffa, ibẹ̀ la bí Músílíà àkọ́bí wa sí.

Ní Iloffa ni iṣẹ́ ti là fún mi. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ń rán aṣọ, àwọn olùkọ́ ń rán aṣọ, ìgbà tí iléèwé bá fẹ́ wọlé, yúnífọ́ọ̀mù á kún ilé débi pé a kò ní rí ibi sùn. Mo kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ níṣẹ́. Òmíràn wà ní Eruku báyìí, òmíràn wà ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin. Ojú mi sì rí ayé àwọn irinṣẹ́. Áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ, ti oníná dé. Iná kò sì sí, a tún fa eléèédú jáde. Mo so mọ́tò mọ́ ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mi, àfi bí ìgbà tí wọ́n fún arúgbó ní kẹ̀kẹ́, ó sáré kọjá ibi tí mo fẹ́. Ẹ̀rọ tí ń wé etí aṣọ dé, ẹ̀rọ tí ń kọ iṣẹ́ ọnà sọ́rùn aṣọ fúnra rẹ̀ dé. Láyé ọ̀gá mi, oníbàárà á wí pé, "Télọ̀, o mọ ohun tó yẹ mí." Báyìí, ọmọ kékeré á na fóònù sí ọ lójú: "Bàbá, bó ṣe wà níbí gẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣe é o." Èmi kì í bínú. Bí ayé bá ń yí, a ó bá a yí ni.

Ohun kan ṣoṣo tí kò yí ni ìgò tó wà lábẹ́ tábìlì.

Ìgbà tí èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀jẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Mo ti ń rí i fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ láti ìgbà èwe, ó máa ń wá, ó máa ń lọ. Eléyìí kò lọ. Mo mu àgbo. Ìgbẹ́ mi wá yí padà: ó tín-ín-rín bí okùn, tàbí kó gan pátápátá, tàbí kó tú yàà. Bí mo bá ṣe tán, yóò tún máa ṣe mí bíi pé n kò tíì ṣe. Ó wá di pé bí mo bá rìn dé mọ́ṣáláṣí, èémí mi á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Tí mo bá dìde láti ìforíkanlẹ̀, ojú á máa ṣú mi. Mo ní ọjọ́ orí ni. Ẹnu ènìyàn kì í ṣe aláìní àlàyé.

Sàlámátù ló mú mi. Ó ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ náà, ó pè mí.

"Bàbá Músílíà, ẹ wá ná. Ta ló dín ṣòkòtò yìí?"

Mo ní, "Èmi ni. Ta ni ìbá tún dín in nílé télọ̀?"

"Èyí ńkọ́?"

"Èmi náà ni."

"Èyí tí mo rà fún yín ńkọ́?"

Mo fi ṣeré. "Ṣé o fẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni, Ìyá Músílíà?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó yí ìbàdí ṣòkòtò náà síta, ó nà án sí mi. Ojú rírán kan wà lórí èkejì, gbogbo rẹ̀ mọ́ nigín-nigín. Ọwọ́ mi ni. Ọwọ́ mi ti ń sọ òtítọ́ fún mi tipẹ́, èmi kò gbọ́.

Ó ní, "Irú rírán yìí wà lára ṣòkòtò bàbá mi. Èmi ni mo fọ̀ ọ́. Ẹ̀yin lẹ dín in."

"Jẹ̀dí-jẹ̀dí lásán ni."

"Ohun tí bàbá mi náà wí nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ń bẹ níbẹ̀ àbí kò sí?"

Mo mi orí pé ó ń bẹ.

"Ó ti tó ìgbà wo?"

"Láti Iléyá."

Ó fi ṣòkòtò náà bo ojú, ó ṣe bí ẹni fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí ojú, ìbínú ló kù níbẹ̀. "Ọ̀la ni a ó lọ sílé ìwòsàn. Bí ẹ kò bá lọ, ẹ fi mí sílẹ̀ di ọjọ́ Jímọ̀. Màá ní kí lèmọ́mù bá mi kéde rẹ̀ pé, ẹ̀yin ará, ẹ bá mi bẹ Ráfíù télọ̀, ó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, kò fẹ́ gbàtọ́jú."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo mọ obìnrin náà. Yóò ṣe é. Mo lọ.

Nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn wa fi sùúrù bi mí ní ìbéèrè, ó wo ìpéǹpéjú mi, ó ní ẹ̀jẹ̀ ti dín lára mi. Ó ní òun kò ní fún mi ní oògùn kankan, Ìlọrin ni kí n lọ. A wọ mọ́tò gba Ọ̀mù-Àrán, a há mọ́ra bí ẹja nínú agolo, Sàlámátù sì di ọwọ́ mi mú títí bí ẹni pé mo lè bẹ́ sílẹ̀.

Dókítà tó rí mi ní Ìlọrin, ọmọdébìnrin ni, ó tó ọmọ àbígbẹ̀yìn mi. Ó ní òun máa ti ìka bọ̀ mí nídìí wò. Ojú tì mí.

Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé kò sí ọkùnrin nínú yín ni?"

Ó ní, "Ó wà, Bàbá. Ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ tóbi ju tèmi lọ."

Ìyàwó mi fi ìdí jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ̀rín yẹn ló gbé mi kọjá níbẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná lórí wo inú ìfun mi láti ìsàlẹ̀, wọ́n gé díẹ̀ níbi tó ti rí jágbajàgba, wọ́n fi ránṣẹ́ síbi àyẹ̀wò. Ìdúró dè é yẹn, ọ̀tá mi má ṣe rí i. Oúnjẹ kò dùn, àdúrà kò ṣe é parí. Mo ń wo Sàlámátù, mo ń rò ó pé bóyá òun ni yóò tún fọ aṣọ ìkẹyìn.

Nígbà tí èsì dé, dókítà kò fi ọ̀rọ̀ yí mi lórí. "Bàbá, jẹjẹrẹ ìfun ni. Ṣùgbọ́n a kò rí i pé ó ti tàn lọ síbòmíràn."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ èkejì. Mo ní, "Kí ni ẹ máa wá ṣe sí i?"

"A ó gé ibi tó bàjẹ́, a ó sì rán ẹnu méjèèjì pọ̀."

Mo wò ó. "Ẹ̀yin náà, télọ̀ ni yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òwú tó ti gbó rán mi o."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá bèèrè bóyá ẹnìkan nínú ẹbí wa ti ṣe irú rẹ̀ rí. N kò mọ ẹnìkankan. Sàlámátù wá sọ ti bàbá rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún, ìgbẹ́ tí kì í tán, inú wíwú, ṣòkòtò. Dókítà gbé bírò sílẹ̀.

Ó ní, "A kò lè mọ̀ dájú lórí ẹni tó ti lọ. Ṣùgbọ́n àìsàn yìí máa ń rìn nínú ìdílé nígbà mìíràn. Màmá, ẹ̀yin náà ẹ ó ṣàyẹ̀wò."

"Èmi? Èmi tí mo mú wọn wá?"

"Ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ fi mú wọn wá náà lẹ ó fi wọlé."

Ó kùn títí, ó sì ṣe é. Wọn kò rí nǹkankan. A dúpẹ́.

Owó iṣẹ́ abẹ náà, ọmọ, ẹbí àti àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ló gbé e. Ọlọ́run á gbé wọn náà. Wọ́n ṣe é láṣeyọrí. Ṣùgbọ́n kí ojú ibi tí wọ́n rán nínú tó jinná, wọ́n fa ìfun díẹ̀ jáde sí ẹ̀gbẹ́ ikùn mi, wọ́n so àpò kékeré mọ́ ọn, ibẹ̀ ni ìgbẹ́ ń gbà. Mo rán bùbá gbọọrọ tó bò ó. Lẹ́yìn náà ni oògùn tí wọ́n ń fà sí mi lára. Oògùn yẹn dáàbò bò mí, ṣùgbọ́n ó pa orí ìka mi. Títí di òní, bí mo bá di abẹ́rẹ́ mú, n kì í mọ̀ bóyá mo dì í mú tàbí n kò dì í mú. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi ti parí. Mo ti rò pé màá sunkún lé e. N kò sunkún. Kí ìka kú sàn ju kí oníka kú lọ.

Àpò náà ṣì wà lára mi nígbà tí mo lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ télọ̀. Wọ́n kí mi káàbọ̀ ayé, wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀. Mo dìde, mo ní mo fẹ́ bá wọn sọ ọ̀rọ̀ ìgbẹ́.

Ọ̀kan kígbe, "Bàbá, ẹ ṣàánú ìrẹsì wa!"

Mo ní, "Ìrẹsì náà ni yóò di ìgbẹ́." Mo gbé bùbá sókè, mo fi àpò hàn wọ́n. Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀.

Ohun tí mo sọ fún wọn ni mo ń sọ fún yín, ẹ̀yin tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìjókòó àti ẹ̀yin tí kò fẹ́. Ìjókòó kò sọ ẹ̀jẹ̀ di ohun àmúṣeré. Jẹ̀dí-jẹ̀dí wà lóòótọ́, ó tilẹ̀ lè jẹ́ òun náà lẹ ní, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán wo ẹ̀jẹ̀ kó mọ ibi tó ti wá, ìbáà pọ́n, ìbáà dúdú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò. Bí ìgbẹ́ yín bá yí padà kúrò ní bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n, tí ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀ tí kò padà sípò, ẹ má dá iyán lẹ́bi. Bó bá ń ṣe yín bíi pé ó kù nínú nígbà gbogbo, tàbí inú ń rún yín, tàbí kókó kan le níkùn, ẹ lọ. Bí ó bá ń rẹ̀ yín láìṣiṣẹ́, tí aṣọ sì ń tú lára yín láìgba ààwẹ̀, ẹ má pe télọ̀, ẹ pe dókítà. Ẹni tí bàbá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ṣe irú rẹ̀, kó má tilẹ̀ dúró dé àmì. Mo sì sọ fún wọn pé ìgò abẹ́ tábìlì kò burú bí ọtí, ṣùgbọ́n àkókò ló ń mu. Ó mu àkókò ọ̀gá mi tán.

Lọ́jọ́ yẹn, bí wọ́n ṣe ń túká, ọkùnrin kan láti Ararọ̀mí-Ọ̀pin dúró lẹ́yìn, ó ń fa bùbá mi sísàlẹ̀ bí ẹni ń bá mi tún aṣọ ṣe, ó rọra ní, "Bàbá, ilé ìwòsàn Ìlọrin yẹn, ọ̀nà ibo ni?" Mo júwe rẹ̀ fún un.

Nítorí náà, ṣé iṣẹ́ télọ̀ ṣe é kọ́? Ó ṣe é kọ́ dáadáa. Ó bọ́ mi, ó fún mi níyàwó, ó kọ́ àwọn ọmọ mi. Ẹ kọ́ ọ. Kìkì pé kí ẹ máa dìde nígbà mìíràn, kí ẹ sì máa wo ìgbẹ́ yín kẹ́ ẹ tó bomi sí i.

Nígbà tó yá, wọ́n yọ àpò náà, wọ́n dá ìfun padà sí àyè rẹ̀. Dókítà ní kí a máa retí kí inú mi rìn ní ọ̀nà tí Ọlọ́run dá. A retí. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí mo mu ògì gbígbóná, mo sáré wọlé ìyàgbẹ́, mo ti ilẹ̀kùn. Ká tó wí ká tó fọ̀, Sàlámátù ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Músílíà, ó ti jáde?"

"Fún mi láyè ná, obìnrin yìí."

Ó kan ilẹ̀kùn. "Ó ti jáde?"

"Ó ti jáde."

"Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ ń bẹ níbẹ̀?"

Mo wò ó dáadáa. "Kò sí."

Mo fọwọ́, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síta. Àdúrà kan wà tí àwọn alùfáà kọ́ wa nílé-kéú pé kí a máa ṣe bí a bá ti ń jáde níbẹ̀: ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó mú ìnira kúrò lára mi, tó sì fún mi ní àlàáfíà. Láti kékeré ni mo ti ń kùn ún lẹ́nu bí ẹni ń ka orúkọ àwọn aládùúgbò. Lọ́jọ́ yẹn, mo dúró lójú kan náà, mo sọ ọ́ ketekete, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn èkejì, mo sì gbọ́ tí ìyàwó mi ṣe "Àmín" kí n tó sọ ọ́ tán.